Afárá Tó Wà Láàárín Ebè Iṣu

Bí ẹ bá jáde ní Kambolé, ní ilẹ̀ Tógò, lówùúrọ̀, tí ẹ gba ọ̀nà oko tó lọ sí abà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Odò, odò Alákàn lẹ óò kọ́kọ́ dé. Ẹ kò ní rí afárá kankan níbẹ̀. Ẹ ká ṣòkòtò sókè, ẹ là á kọjá. Tí ẹ bá tún rìn bí irínwó ìṣísẹ̀, ẹ óò rí afárá ńlá kan, oníkọnkéré, tó dúró gbagidi láàárín oko iṣu. Kò sí omi lábẹ́ rẹ̀, kò sí ọ̀nà lórí rẹ̀, ìtàkùn iṣu sì ti gùn ún dé òkè. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Ẹni tó kọ́ ọ ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bí mi nínú, bí mo bá sì ti ń bínú lọ báyìí, ẹ̀rín ni yóò pa mí níkẹyìn.

Àzíìzì lorúkọ rẹ̀. Komah ní Sokodé ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Kambolé ni ìyá rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́ èdè wa dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ló fi ń bínú. Ó lọ sí òkè òkun. Kì í ṣe Faransé tí gbogbo èèyàn ń lọ o. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló lọ, ó sì lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, nǹkan méjì ló gbé bọ̀, inú férémù ló fi àwọn méjèèjì sí. Èkíní ni àwòrán Gẹ̀ẹ́sì kan tó dá irun sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkùnrin náà, Àzíìzì ló sọ bẹ́ẹ̀, ló kọ́kọ́ gbẹ́ odò fún ọkọ̀ ojú omi láti ìlú kan sí èkejì nílé wọn lọ́hùn-ún, tó wá ń ti ilẹ̀ àjèjì kan bọ́ sí òmíràn, tó ń bá wọn gbẹ́ odò, tó ń bá wọn kọ́ afárá, tí àwọn ọba ń dìde fún un. Àzíìzì a máa pè é ní ọ̀gá òun. A ní, "Ọ̀gá mi sọ fún mi pé." Ẹni tó bá ka ọdún tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà yóò rí i pé ọ̀gá ti kú láti bí ọgọ́sàn-án ọdún.

Ìkejì ni ìwé ẹ̀rí olóǹtẹ̀ pupa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ sì mọ bí a ṣe wà níbí: Faransé la fi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, Tem la fi ń nájà, Lárúbáwá la fi ń kírun. Nínú àwọn ọ̀gá tí wọ́n gbé ìwé náà fún, kò sẹ́ni tó lè kà á, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ pé òun kò lè kà á. Wọ́n wo òǹtẹ̀ pupa, wọ́n mi orí, wọ́n gbé e fún ẹni tó kàn. Bí Àzíìzì ṣe di Dìrẹ́tọ̀ Afárá àti Odò Gbígbẹ́ ní Tchamba nìyẹn, iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nítorí òun nìkan.

Láàárín oṣù kan, oyè Dìrẹ́tọ̀ kéré fún un. Bìlálì akọ̀wé rẹ̀, ẹni tó fẹ́ràn kí oṣù máa tán kí owó máa wọlé, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún un. Ní ọjọ́ Ajé ó fi oyè kan kún un, ní ọjọ́bọ̀ ó fi òmíràn kún un, títí ó fi di mọ́kànlá. Wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ funfun gígùn kan, wọ́n so ó mọ́ iwájú ọ́fíìsì. Ẹ fara balẹ̀ kà á pẹ̀lú mi: Ọlọ́lá, Mùsíọ̀ Dìrẹ́tọ̀, Ẹnjiníà Àgbà, Ọmọ-ẹ̀yìn Gẹ̀ẹ́sì, Aláfárá, Agbẹ́dò-bí-ẹni-gbẹ́-kànga, Bàbá Sìmẹ́ńtì, Ẹni-tí-omi-ń-yà-fún, Ìmọ́lẹ̀ Tchamba, Arọ́pò Ọ̀gá Tó Ti Lọ, Ẹni-àpọ́nlé-kò-tó-fún. Àṣẹ sì jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá Dìrẹ́tọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì gbọdọ̀ mú ìròyìn wá bá a, àfi tó bá kọ́kọ́ ka oyè mọ́kọ̀ọ̀kànlá tán. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan kà, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wúkọ́ láàárín, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Kambolé, Tàwàkálítù lorúkọ rẹ̀, ìyá tó ti ń gbin iṣu àti àgbàdo láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sàúdátù, ń gbé ní Òkè-Odò pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Jímọ́ọ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, Sàúdátù rọbí lọ́jọ́ tí Alákàn kún. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n tẹ́ ẹ lé e, ọkùnrin mẹ́rin sì fi ìlúwẹ̀ẹ́ tì í kọjá lọ bá agbẹ̀bí ní Kambolé. Ìyá yè. Ọmọ kò yè. Ọ̀rọ̀ yìí dun Tàwàkálítù dé egungun, kò sì fi bò. Nígbà tó gbọ́ pé Sàúdátù tún ti lóyún, tó gbọ́ pé ìjọba fẹ́ kọ́ afárá sórí Alákàn, ó ka oṣù lórí ìka, ó rí i pé ìgbà òjò ni ọmọ yóò dé. Láti ọjọ́ náà, afárá yìí nìkan ló ń bá Ọlọ́run sọ lẹ́yìn ìrun.

Nígbà ọyẹ́, Dìrẹ́tọ̀ wá wo odò. Omi ti gbẹ, iyanrìn ló kù. Kò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, nítorí bàtà rẹ̀ funfun. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó nà án sọ́tùn-ún, ó nà án sósì, Bìlálì pàtẹ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì kan èèkàn sí ìlà méjì láti etí odò kan dé èkejì. Èèkàn gidi ni, igi líle tí wọ́n fi ayùn rẹ́, tó ga ju èèyàn lọ, tí wọ́n so àkísà pupa mọ́ lórí. Dìrẹ́tọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ibi tí wọ́n bá ti rí ìlà èèkàn méjì pẹ̀lú àkísà pupa, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́ afárá sí, kí ẹnikẹ́ni má sì bi òun ní ìbéèrè. Wọ́n gbé ìwé náà lọ fún àwọn kọ́lékọ́lé ní Sokodé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbin iṣu rí, ẹ ti mọ ohun tó kàn. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, iṣu yọ, ìtàkùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò gùn. Igi tó dára fún un ti wọ́n lágbègbè wa. Ẹlẹ́èédú ti gé wọn tán. Jímọ́ọ̀ ń lọ wẹ ẹsẹ̀ lódò, ó rí ọgọ́rin igi tó tọ́, tó gún, tí wọ́n tò kalẹ̀, tí wọ́n tún so aṣọ mọ́ kí wọ́n má bàa sọnù. Ó rántí pé ọkùnrin kan ti wá láti Tchamba rí, tó ṣèlérí pé ìjọba yóò ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ṣàdúrà fún ìjọba, ó fà wọ́n tu, ó rù wọ́n lọ sóko rẹ̀ nígbà ogún. Láti Kambolé dé Goubi, kò sẹ́ni tí ebè rẹ̀ gún bíi ti Jímọ́ọ̀. Ìlà méjì ló tò wọ́n sí, ó fi okùn wọ̀n ọ́n, ó sì gún ju bí àwọn ará Tchamba ṣe kàn án lọ.

Nígbà tí àwọn kọ́lékọ́lé dé, wọ́n wá ìlà èèkàn méjì lódò, wọn kò rí i. Wọ́n kọjá síwájú, wọ́n rí i lóko Jímọ́ọ̀. Ọ̀gá wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí omi, ó sì fi ìwé ránṣẹ́ sí Tchamba. Ìwé tí kò ní oyè lórí kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí náà ó kọ oyè mọ́kọ̀ọ̀kànlá kún ojú ìwé kan, ó wá kọ ìbéèrè rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pé, omi dà?

Ẹ gbọ́ èsì tí ọkùnrin yẹn fi ránṣẹ́. Ó ní, "Àwọn tí kò kàwé ló ń gbé afárá lọ bá omi. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé omi ni ká gbé wá bá afárá. Ẹ kọ́ ọ. Tó bá yá, màá gbẹ́ odò wá síbẹ̀." Bìlálì ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yìí sára ògiri. Wọ́n sì kọ ọ́.

Jímọ́ọ̀ lọ sí Koussountou lọ ra àgbàdo gbígbìn. Kó tó dé, wọ́n ti da kọnkéré sí àárín ebè rẹ̀. Ó ké lọ bá ìyá ìyàwó rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe. Tàwàkálítù kò bú u. Ó ní kò tíì pẹ́ jù, òjò ńlá kò tíì dé, òun yóò lọ sọ fún Dìrẹ́tọ̀ kí wọ́n dá iṣẹ́ náà padà sódò. Ó gun zémìjàn, alùpùpù akérò, lọ sí Tchamba.

Bìlálì kọ́ ọ ní oyè lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ka mẹ́jọ. Nígbà tó dé orí ẹ̀kẹsàn-án, ó pe Ìmọ́lẹ̀ Tchamba ní Ìmọ́lẹ̀ Sokodé. Wọ́n ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó padà, eruku wọ̀ ọ́ lọ́fun, ó wúkọ́. Wọ́n ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti ń mí láti tún bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti pe ìrun ọ̀sán. Dìrẹ́tọ̀ dìde lọ kírun, láti ibẹ̀ ó lọ jẹun, láti ibẹ̀ ó lọ sùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Tàwàkálítù fi ń kọ́ oyè náà. Tó bá ń túlẹ̀, oyè ló ń kà; tó bá ń fọ abọ́, oyè ni. Ó padà lọ sí Tchamba, ó kúnlẹ̀, ó sì ka mọ́kọ̀ọ̀kànlá láìdúró, láìṣì, ohùn rẹ̀ sì dùn. Inú Dìrẹ́tọ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi lé lójú rẹ̀. Ó ní kó tún un kà kí àwọn tó wà ní yàrá kejì gbọ́. Ó tún un kà. Ó ní kí wọ́n pe ẹni tó ń ya fọ́tò, kó tún un kà níwájú rẹ̀. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó fún un ní ọṣẹ ìfọṣọ méjì, ó ní kó máa lọ, ọmọlúàbí ni. Tàwàkálítù ní òun ní ọ̀rọ̀ kan. Bìlálì ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ míì ni, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, àsìkò sì ti lọ. Ó fi ọṣẹ sábẹ́ apá, ó jáde, ó sunkún dé ibùdó zémìjàn. Inú mi kò dùn sí apá ibí yìí rárá, ẹ jẹ́ ká tètè kọjá níbẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ṣí afárá. Òjò ti dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, omi Alákàn kò ju kókósẹ̀ lọ, àwọn mọ́tò là á kọjá láìfura. Kàsúmù, oníṣòwò kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, tó ní ìsọ̀ ní Sokodé, ni wọ́n háyà àga àti àtíbàbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí Hàjàrá, agbẹ̀bí ilé ìwòsàn Kambolé, wá kó àwọn obìnrin lẹ́yìn láti pàtẹ́wọ́, Tàwàkálítù sì wà lára wọn. Wọ́n so aṣọ oyè mọ́ ara afárá. Láti Lomé ni aṣojú mínísítà ti wá, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ó wo iwájú afárá, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Mùsíọ̀ Dìrẹ́tọ̀, omi ọ̀hún dà?"

Dìrẹ́tọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sórí pèpéle, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó lé. Ó ní nígbà tí òun wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi tí òun bá pè ló ń jẹ́ òun. Ó ní àwọn odò mìíràn ní Tógò ti ń jowú Alákàn. Ó ní ọ̀gá òun gbẹ́ odò gba inú òkè kọjá, òun yóò gbẹ́ tòun gba inú oko iṣu. Àwọn àgbẹ̀ tó ni oko wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé ìwé ẹ̀rí jáde, kí gbogbo ayé rí i. Bìlálì gbé e sókè. Aṣojú mínísítà béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Dìrẹ́tọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ jinlẹ̀, kò ṣeé túmọ̀. Obìnrin náà yíjú sí àwọn èrò, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Kàsúmù jókòó lórí àga ara rẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. Ilé ìwé Ṣakí ló lọ kó tó wá bá bàbá rẹ̀ ní Sokodé. Kò mọ ohun tó ń lọ. Ó rò pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò ran Dìrẹ́tọ̀ lọ́wọ́ ni. Ó rìn wá síwájú, ó fi awò sójú, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ lọ sí Faransé bó ṣe ń kà á, ohùn rẹ̀ lọ sókè dáadáa:

"Ìwé yìí jẹ́rìí pé Ọ̀gbẹ́ni Àzíìzì ti gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì lórí bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn tó ń sé omi odò fún ọkọ̀ ojú omi, àti bí a ṣe ń tì í. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn."

Ó yí férémù náà sẹ́yìn wò ó, ó ní ibẹ̀ ló parí sí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Bìlálì rọra gbé ìwé ẹ̀rí náà sílẹ̀, ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀ díẹ̀, ó tún sún díẹ̀ sí i.

Òjò ló gba Dìrẹ́tọ̀ lọ́wọ́ ìbéèrè tó kàn. Ó dé lójijì, afẹ́fẹ́ sì gbé àtíbàbà Kàsúmù lọ sọ́nà Goubi. Gbogbo èrò sá sábẹ́ afárá. Ẹ kò lè rí ibi tó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn, omi kò kúkú gba ibẹ̀ rí. Wọn kò tíì nu omi kúrò lójú tán tí Jímọ́ọ̀ fi dé pẹ̀lú Sàúdátù lẹ́yìn rẹ̀: ilé wọn ń jò, ó sì ti ń rọbí. Tàwàkálítù wo odò láti ibi tó dúró sí. Alákàn ti pupa, ó ti kún dé etí. Nígbà náà ló rí Hàjàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ń ká apá aṣọ sókè.

Agbẹ̀bí náà kò ka oyè ẹnikẹ́ni. Ó ní kí gbogbo ọkùnrin bọ́ sí ìta, títí kan Dìrẹ́tọ̀. Wọ́n já aṣọ oyè lára afárá, wọ́n fi ta ibẹ̀ yíká. Dìrẹ́tọ̀ dúró nínú òjò, ó ń wo Ẹni-tí-omi-ń-yà-fún níwájú rẹ̀, omi sì ń wọ ọrùn rẹ̀ lọ sínú bàtà funfun. Ojú tì í. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Tchamba, ó wa mọ́tò náà wọnú Alákàn, ó sì kú láàárín odò.

Mọ́tò ni mo ní ó kú. Dìrẹ́tọ̀ gun orí rẹ̀, ó ń ké.

Jímọ́ọ̀ àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta yọ ilẹ̀kùn yàrá, ilẹ̀kùn ọjọ́sí náà, wọ́n tì í lọ bá a. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n dúró. Jímọ́ọ̀ ní kí Dìrẹ́tọ̀ má bínú, àṣẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìka oyè, àwọn kò sì mọ oyè náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń bọ̀ létí odò, ó wá bu omi. Tàwàkálítù ni. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì kánjú rárá, nítorí ó ti gbọ́ igbe ọmọ. Ó gbé korobá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀: Ọlọ́lá. Mùsíọ̀ Dìrẹ́tọ̀. Ẹnjiníà Àgbà. Omi dé kókósẹ̀ Dìrẹ́tọ̀ lórí mọ́tò. Nígbà tó kan Aláfárá, Tàwàkálítù wúkọ́. Ó tọrọ àforíjì, ó ní òun yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá," ni ọkùnrin náà wí, "Àzíìzì ni mò ń jẹ́. Àzíìzì lásán."

"Ó dáa, Àzíìzì ọmọ mi," ni Tàwàkálítù wí. "Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo bá wá sí Tchamba lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èèkàn yín yẹn, ọkọ ọmọ mi ló fà wọ́n tu, ó fi gbé iṣu. Ẹ dá afárá padà sódò. Ó tán."

Wọ́n gbé e sórí ilẹ̀kùn, wọ́n tì í wá sí èbúté.

Aṣojú mínísítà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti fi ẹnjiníà mìíràn ránṣẹ́, ọkùnrin kan tó bọ́ bàtà wọnú Alákàn kó tó sọ ohunkóhun. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmọ́ èèkàn rẹ̀ ti wà lódò, irin ló fi ṣe é. Ní ti Àzíìzì, wọn kò lé e. Ibi tí wọ́n ń kó mọ́tò ìjọba sí ní Sokodé ní géètì ńlá kan; òun ló ń ṣí i fún mọ́tò, òun ló ń tì í. Mo ti wò ó. Ó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Obìnrin ni. Ìyá Jímọ́ọ̀ mú orúkọ méjì wá, Hàjàrá mú ọ̀kan, Kàsúmù fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti Sokodé, Bìlálì tó ń wá iṣẹ́ sì kọ mẹ́fà wá nínú ìwé. Nígbà tí lèmámù ní kí wọ́n kà wọ́n, Tàwàkálítù gbé ọmọ náà mọ́ àyà.

Ó ní, "Nùsírátù. Ẹ má fi kún un."